Omi Tútù fún Ẹsẹ̀ Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin

Ọdún tí owó epo já wálẹ̀ ní Calgary, ní ilẹ̀ Canada, ni wọ́n dá Dámiláre ọmọ mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ epo. Níkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, wá di ẹni kan ṣoṣo tó ń mówó wọlé. Mọ́tò rẹ̀ kò sì mọ inú snow rìn. Táyà iwájú nìkan ló ń fà á. Tó bá ti rí yìnyín, á máa ṣe bí ewúrẹ́ tó rí òjò, kò ní lọ iwájú, kò ní lọ ẹ̀yìn. Ó ti mú un pẹ́ dé iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá wọn ní bó bá tún pẹ́, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Mo ti wá bẹ̀ wọ́n wò láti ilé nígbà náà, ni a bá jọ lọ sọ́dọ̀ Mùnírù, ọmọ Ìwó kan tó ń ta àlòkù ọkọ̀ ní àdúgbò Rundle. Ọkọ̀ ńláńlá àwọn tí iṣẹ́ epo bọ́ lọ́wọ́ wọn ló kún ibẹ̀. Dámiláre lọ dúró ti dúdú kan, àkàsọ̀ ni èmi ìbá fi gùn ún.

"Èyí ló yẹ wá," ó ní.

"Daddy Ìtùnú, ta ni 'wa'?" Níkẹ́ bi í. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ń lọ sí duty ni?"

"Mo kàn fẹ́ ká jọ èèyàn ni."

Mùnírù ní, "Brother, bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣe wí."

Kékeré aláwọ̀ eérú kan ni Níkẹ́ mú. Mùnírù ní all-wheel drive ni, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì ń fún lágbára, bí ọ̀kan bá yọ̀, àwọn yòókù á fà á, táyà snow sì ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. A gbé e lọ dán wò. Ó gun òkè tí snow bò bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn ilé bàbá rẹ̀. A rà á.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn ilé wọn ní Taradale, mo ní a kì í fi mọ́tò tuntun sílẹ̀ láìda omi tútù sí i lẹ́sẹ̀. Bàbá mi ṣe é fún kẹ̀kẹ́ wọn, bàbá Dámiláre ṣe é fún lọ́rì wọn. Ife omi kan tó fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́, a ò lè fi ọ̀kan du ìkejì. Garawa ni mo pọn. Mo da omi yí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ká, mo ní àlọ rere, àbọ̀ rere. Àwọn méjèèjì ń ṣe àmín, eyín wọn ń gbá ara wọn kẹkẹkẹ.

Ilẹ̀ mọ́, Níkẹ́ jókòó sí mọ́tò, ó tẹná sí i. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí lóòótọ́. Ojú kan ni wọ́n ti ń yí, lórí yìnyín tí mo fọwọ́ ara mi fi omi àná ṣe, ibi tá a gbé e sí sì rẹlẹ̀ ju ọ̀nà lọ.

"Mọ́mì ti ṣe skating rink fún wa, ó ku ká wá bàtà tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín," Dámiláre ní. Ó sáré bu iyọ̀ tí wọ́n fi ń yọ́ yìnyín wá. Òtútù ọjọ́ náà kọjá agbára iyọ̀. A wá iyanrìn tí táyà á fi rí nǹkan gbá mú, kò sí.

Níkẹ́ ò bá mi wí. Ó kàn gbé orí lé ìdarí mọ́tò. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo wọlé, mo gbé àpò gàrí Ìjẹ̀bú tí mo gbé la òkun kọjá jáde. Mo ń fọ́n ọn sábẹ́ táyà bí ẹni ń fún adìyẹ lóúnjẹ.

"Grandma, that's food," Ìtùnúolúwa ọmọ wọn ké láti ojú fèrèsé.

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Jẹ́ kí mọ́tò náà jẹun."

Ó jẹun. Táyà gbá gàrí mú, ó ń rún un wómúwómú, mọ́tò sì gun ojú ọ̀nà, ó lọ.

Nígbà tó yá, Níkẹ́ pè láti ibi iṣẹ́. "Mi ò pẹ́, mà. Ẹ ṣé gan-an. Àmọ́ tá a bá tún ra mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́ mà, àdúrà ẹnu nìkan."

Mo ní mo gbọ́. Lẹ́yìn ilé, àwọn ẹyẹ onídúdú-onífunfun ìlú yìí ti bo gàrí mi, wọ́n ń ṣà á jẹ. Kò séyìí tó bèèrè ẹ̀pà nínú wọn.