Orin Afárá Tó Já

Ọwọ́ òsì Fọláyọ̀ kò gé. Ohun tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè nìyẹn, bí wọ́n bá sì ti gbọ́ pé kò gé, wọn a ní kí ó dúpẹ́. Ó ń dúpẹ́. Ẹ̀rọ ìhunṣọ ló tẹ ọwọ́ náà ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n jáde lọ jẹun ọ̀sán. Ìka márààrún ṣì wà níbẹ̀, èékánná sì ń hù lórí wọn, àmọ́ ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀ lé e ti kú. Abẹ́rẹ́ lè gún wọn kó má mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti dán an wò.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ kógbá sílé. Ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí àwọn ológun wọ́gi lé ìdìbò ni. Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba, ti sọ náírà di bébà, òwú kò wọlé mọ́, ẹ̀rọ tó bá sì bàjẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹnu géètì ni wọ́n ti pín ìwé gbélé-ẹ fún wọn. Ọkọ Fọláyọ̀, tó ti wá iṣẹ́ lọ sí Kútọnu, kọ lẹ́tà méjì, kò sí ẹ̀kẹta. Omi tán lẹ́yìn ẹja, gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n sì ń retí kí ó sunkún. Kò sunkún. Ó ń fọ aṣọ, ó ń tẹ ẹ̀bà, ó ń sùn, ó ń jí. Àwọn kan ní obìnrin náà láyà. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Inú rẹ̀ ló kú bí ìka méjì yẹn, ohun tó sì ń bà á lẹ́rù ni pé kò dùn ún.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń fẹ́. Ọdún mọ́kànlá ló fi tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tí tọmọdé tàgbà ń pè é ní Àǹtí Dùùrù. Láti ìgbà tí ọwọ́ ti ṣe é, ìjọ ń kọrin láìsí dùùrù, olúkúlùkù ń fa ohùn lọ síbi tó wù ú. Wọ́n wá rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Maryland tó mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ọ̀gá akọrin kọ lẹ́tà sí Fọláyọ̀ pé ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹjọ, wọn yóò dán àwọn méjèèjì wò. Orin kan láti inú ìwé orin, orin kan tí kálukú bá fúnra rẹ̀ yàn. Ẹni tó bá borí yóò gba kọ́kọ́rọ́ dùùrù, ẹni kejì yóò lọ jókòó sáàárín ìjọ. Fọláyọ̀ ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí wọ́n bá gba ìjókòó yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ orúkọ tí wọn yóò tún máa pè é.

Ọ̀gá akọrin yìí ni Joseph, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Bàbá Níyì nítorí Olúwaníyì, àkọ́bí rẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni, akọ̀wé àgbà ní ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà. Kì í jáde láìsí táì lọ́rùn, ìbáà ṣe ìfidánrawò orin lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Aago méje àárọ̀ ló ń kúrò nílé pẹ̀lú báàgì rẹ̀, àwọn aládùúgbò sì lè fi ìjáde rẹ̀ tún aago wọn ṣe. Ó ti lé akọrin kan kúrò nínú ẹgbẹ́ rí, nítorí pé ó gbọ́ tó ń fi imú kọ orin ìpolówó ọṣẹ nínú yàrá ìwọṣọ. Orin ìta kò gbọdọ̀ wọ ilé Ọlọ́run, ó parí.

Ilé tí Fọláyọ̀ kó lọ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bọ́ wà ní Dopemu, láàárín àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí ará ṣọ́ọ̀ṣì kankan tó mọ ibẹ̀. Nùréènì, tí wọ́n jọ gba ìwé gbélé-ẹ lọ́jọ́ kan náà, ló bá a wá yàrá. Ẹ̀ka ìpaláró ni Nùréènì ti ṣiṣẹ́, títí di ìsinsìnyí aró ṣì wà lára èékánná rẹ̀. Ó ra tẹlifíṣọ̀n àti fídíò géèmù, ó fi yàrá iwájú ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kọjú sí títì, yàrá Fọláyọ̀ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín.

Ẹ má sì rò pé àwọn ọmọdé ló ń wá síbẹ̀ o. Àwọn ọmọ wà nílé ìwé. Àwọn bàbá ọlọ́mọ ni, àwọn tí ilé iṣẹ́ bátìrì, ilé iṣẹ́ bisikíìtì àti ilé iṣẹ́ ike ti dá dúró, tí wọn kò sì fẹ́ jókòó sílé kí ìyàwó máa wo ojú wọn. Wọn a di páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù mú tọwọ́tẹsẹ̀, wọn a máa yí ara bí ẹni tó jókòó lórí èèrùn.

Orin géèmù yìí ń gba inú ògiri wọlé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Oṣù méjì àkọ́kọ́, etí Fọláyọ̀ kò gbà á sí nǹkan kan. Ariwo ni, bí òjò orí páànù. Ọjọ́ kan ló ń ṣa ẹ̀wà, ló bá rí i pé òun ti ń ka ohùn inú rẹ̀. Ohùn mẹ́ta péré ni. Méjì ń lé ara wọn lókè, ọ̀kan ń rìn nísàlẹ̀. Orin ìjọ ní ohùn mẹ́rin, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò lè gbé e mọ́. Àmọ́ èyí tó ń rìn nísàlẹ̀ yìí, ìka mẹ́ta yóò ká a.

Ó mú ìwé tó fi ń ka gígùn aṣọ ní ilé iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin náà sílẹ̀ ní dò-rè-mí, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ilé ìwé girama ní Adó. Ibi tó ti sú u ni ibi kan tí orin náà kì í kọjá. Yóò máa sáré bọ̀, yóò dé ibẹ̀, ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á já wálẹ̀ pọ̀, yóò dákẹ́. Á tún bẹ̀rẹ̀. Bí orin bá ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ta géèmù ti kú nínú rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ìyókù ń kú káàkiri, àmọ́ ẹnì kan wà tó jẹ́ pé ibì kan náà ló máa ń kú sí, bóyá ìgbà ogún lóòjọ́.

Ó bi Nùréènì lẹ́bàá kànga. "Ta ni ẹni tó máa ń kú síbì kan náà yẹn?"

Nùréènì rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ, Àǹtí? Dáddy Táì ni. Mi ò mọ orúkọ wọn, wọn kì í sọ̀rọ̀. Aago mẹ́jọ géérégé ni wọ́n ń dé, wọ́n á bọ́ táì, wọ́n á fi kọ́ ìṣó, wọ́n á jókòó. Tí aago mẹ́rin bá ti lù, wọ́n á so táì wọn padà, ó di ilé."

"Kí ló wà níbẹ̀ tí wọn ò lè kọjá?"

"Afárá ni. Ọkùnrin kékeré kan ló ru ẹrù, tó ń sáré. Tó bá dé àárín afárá, afárá á já. Tẹ́ ẹ bá tètè fò, ẹ kú. Tẹ́ ẹ bá pẹ́ kẹ́ ẹ tó fò, ẹ kú. Wàhálà ni, walahi. Kò sẹ́ni tó tíì kọjá ibẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi."

"Wọn kì í bínú?"

"Dáddy Táì? Rárá o. Wọ́n á kàn tún un bẹ̀rẹ̀ ni."

Àwọn àgbà ní ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú. Àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀yìn. Dáddy Táì kò wo ibì kankan, páàdì ló tún ń tẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, afárá já, ó tún já, ó tún já, Fọláyọ̀ sì gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ fún ògiri pé, "Fò, jọ̀ọ́." Inú bí i. Ó dúró pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ẹnu yà á. Nǹkan kan kò tíì bí i nínú láti oṣù mẹ́wàá.

Kò ní dùùrù nílé. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya ojú dùùrù sórí pátákó tó ń lọ aṣọ lé, orí rẹ̀ ló sì ti ń fi ìka mẹ́jọ tẹ orin tí kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ó fa orin náà lọ́wọ́ sẹ́yìn títí tó fi ń rìn bí ẹni tó ń ti ibi ìsìnkú bọ̀. Nígbà tó dé ibi afárá, kò jẹ́ kí ó dákẹ́. Ó mú ohùn tó ń já wálẹ̀ yẹn, ó gbé e sísàlẹ̀, ó ní kí ó máa ṣubú lọ níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, òun sì kọ́ orin mìíràn lé e lórí. Ibi tí kò sí ẹni tó dé rí ni, nítorí náà orí ara rẹ̀ ló ti mú un wá.

Sátidé pé. Bàbá Níyì jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú táì àti bírò pupa. Màmá Catherine, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá, jókòó tì í. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Maryland ló kọ́kọ́ tẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Irọ́ kò sí níbẹ̀. Ó wá kan Fọláyọ̀. Orin ìwé kò kọjá ìlà kejì kí ọwọ́ òsì tó gbé e ṣubú. Ìka tó ti kú wúwo lórí dùùrù, ohùn tí kò pè ń dún. Màmá Catherine ń wo ilẹ̀. Bàbá Níyì kọ nǹkan sílẹ̀.

"Ó ku èyí tí o yàn," ó wí.

Fọláyọ̀ tẹ orin afárá. Orin ìta ni, ó mọ̀, àmọ́ òun nìkan ni ọwọ́ òsì rẹ̀ ká. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí pátákó kì í dún. Ìka mẹ́ta ń rìn nísàlẹ̀, wọn kò ṣìnà. Ó gbójú sókè, ó sì rí i pé bírò pupa ti dúró. Àtàǹpàkò ọ̀gá akọrin ń tẹ orí tábìlì, ó ń tẹ̀ ẹ́ lásìkò, níbi tí ọkùnrin ẹlẹ́rù náà máa ń fò gan-an. Fọláyọ̀ wo àtàǹpàkò yẹn, ó wo táì, ó wá mọ ẹni tí òun ti ń gbọ́ lẹ́yìn ògiri láti ọjọ́ yìí. Ẹ̀rù bà á. Orin ti dé ẹnu afárá, Bàbá Níyì sì di ojú rẹ̀. Fọláyọ̀ fẹ́ dá orin náà dúró, àmọ́ ọwọ́ kò gbọ́. Ohùn já wálẹ̀, orin kò dákẹ́, ó kọjá sí òdì kejì títí ó fi parí.

"Èyí mà wọni lára o," Màmá Catherine wí. "Ṣé ti àwọn òyìnbó àtijọ́ ni? Ó jọ èyí tí wọ́n kọ nígbà tí a sin bíṣọ́ọ̀bù."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Mummy, orin fídíò géèmù ni. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń ta á."

Gbogbo wọn yíjú sí ẹni tó lé ènìyàn nítorí orin ọṣẹ. Bàbá Níyì kò wo ẹnikẹ́ni.

"Kí ló wà lẹ́yìn afárá?" ó bi Fọláyọ̀.

"Afárá wo?" Màmá Catherine wí.

"N kò mọ̀, sà," Fọláyọ̀ dáhùn. "Kò sí ẹni tó kọjá ibẹ̀ nílé wa. Èmi ni mo fi èyí sí i."

"Mo rò bẹ́ẹ̀." Ó yọ kọ́kọ́rọ́ dùùrù kúrò lára ìdè rẹ̀. "Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n tẹ̀ jù ọ́ lọ, kí n má purọ́. Àmọ́ ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ fún wa, tí kò ní dúró bí afárá bá já, ni mò ń wá. Èmi yóò tún orin ìwé kọ fún ọ ní ohùn mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ìwé yóò fi tán."

"Orin inú ìwé lé ní ẹgbẹ̀ta, sà. Iṣẹ́ yín ńkọ́?"

Ọ̀gá akọrin tú táì rẹ̀, ó ká a, ó tì í bọ àpò.

"Mo ní àyè," ó wí. "Láti aago mẹ́jọ sí aago mẹ́rin, lójoojúmọ́. Ó di oṣù mẹ́fà báyìí."

Màmá Catherine gbé ọwọ́ lé ẹnu. Fọláyọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ náà, ọ̀rọ̀ bàbá náà sì dùn ún. Ó dùn ún gan-an, láti ikùn wá, ó dùn ún débi pé ti ọkọ rẹ̀, ti ọwọ́ rẹ̀ àti ti ẹnu géètì Ìkẹjà bá a wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé orí lé dùùrù, ó sunkún. Bàbá Níyì kò ní kó dákẹ́. Ó fa àga sún mọ́ ọn, ó ṣí ìwé orin sí ojú ewé kìíní, ó sì ń dúró dè é.