Ibùsùn Ọfà fún Alápá Gígùn

Ohùn náà kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n láti Ọjọ́rú tó ti wọlé sórí fóònù rẹ̀, Má-gbọ̀n ti gbọ́ ọ tó ìgbà ogún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń bọ̀ ní Sátidé. Mi ò ní pẹ́ lọ títí. Mo fẹ́ ta ọrun Bàbá."

Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan ké sí àbúrò rẹ̀ láti ọ̀ọ́kán, ohùn sì gé.

Má-gbọ̀n ni àwọn oníbàárà sọ ọ́, nítorí ohun tó máa ń wí fún ẹnikẹ́ni tó bá fa ọrun wò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìyẹn: má gbọ̀n. Iṣẹ́ àtúnṣe ọrun ni bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú yàrá iwájú tó ní tábìlì gígùn kan, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró lẹ́yìn ilé, ogún ìṣísẹ̀ géérégé, tí àpò ńlá tí wọ́n ki àkísà sí wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Ọrun tí wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀ kì í ṣe ti igi àtijọ́. Ti òde òní ni, onírin, tó ní wílì kékeré lórí apá òkè àti lórí apá ìsàlẹ̀, tó sì le bí ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì láti inú. Ní ilé tiwọn, wọn kì í wí pé ènìyàn tafà. "Ẹ jẹ́ ká lọ ta ọrun," ni bàbá wọn máa ń wí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ṣe ń wí i.

Nítorí náà, nígbà tí àbúrò rẹ̀ ní òun fẹ́ ta ọrun, inú rẹ̀ dùn débi tó fi jókòó sílẹ̀ gbà á. Bàbá ti fi ọrun tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọkùnrin yìí kó tó kú. Ọdún keje rèé tí ọmọ náà ti wà ní òkèèrè, tó ń ru ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Bàbá kú, ọ̀nà jìn, kò rí àyè wá. Ọrun wà lára ògiri, Má-gbọ̀n sì ń nù ún ní gbogbo ọjọ́ Ajé bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó sùn. Bó bá ń gbàdúrà láàárọ̀, ìhà ibẹ̀ ló máa ń kọjú sí. Kì í ṣe pé ó ń bọ ọrun o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ó kàn jẹ́ pé ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ máa ń lọ fúnra rẹ̀ nígbà tí àdúrà bá dé orí àbúrò.

Ó wá pinnu pé ọmọ náà kò ní bá ọrun náà bí ó ṣe fi í sílẹ̀. Òun yóò fún un ní ibùsùn ọfà tuntun.

"Kí nìyí?" Télọ̀ bi í ní ọjọ́ Ẹtì. Ìsọ̀ obìnrin náà kò ju ògiri kan sí tiẹ̀, àkísà rẹ̀ ló sì kún inú àpò ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ibùsùn ọfà ni."

"Ọfà náà ń sùn?"

"Kì í sùn tó ọkọ ẹ."

"Ta ló ń sùn tó ọkọ mi? Ṣàlàyé jàre."

Má-gbọ̀n yí ọrun sí i. "Wo ìka irin yìí tó là sí méjì. Òun ni ọfà ń dùbúlẹ̀ lé. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yìí dè é mọ́ apá ìsàlẹ̀ ọrun. Bí èèyàn bá fa ọrun, apá yẹn á tẹ̀ wá sókè, okùn á dẹ̀, ìka á dìde fúnra ẹ̀, á gbé ọfà dání. Bó bá ti tú ọṣán sílẹ̀, apá á padà fìrì, okùn á fa ìka lulẹ̀, ìyẹ́ ọfà á sì kọjá láì fara kàn án."

"Bí ìyàwó tó tẹ̀ ba kí ìyá ọkọ ẹ̀ lè kọjá."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọgbọ́n ẹ̀ wà nínú okùn. Bó bá gùn jù, ìka ò ní dùbúlẹ̀ tán, ìyẹ́ á gbá a. Bó bá kúrú jù, kò ní dìde tán, ọfà á máa mì."

Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ló fi ṣe é. Ó de ibùsùn mọ́ àárín ọrun, ó gbé ọfà lé e, ó wò ó títí ọfà fi dúró ṣánṣán sí ọṣán. Ó tún wílì sí bí apá àbúrò rẹ̀ ṣe gùn tó. Bàbá wọn kò pe ọmọ náà ní orúkọ mìíràn ju Alápá Gígùn lọ, nítorí láti kékeré ni kò ti sí ohun kan lórí àjà tí ọwọ́ rẹ̀ kò ká. Lẹ́yìn èyí ló ta kókó okùn, ó gbé ọrun lé orí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fà á díẹ̀díẹ̀, ó yí ọwọ́ ẹ̀rọ, ó sì ń wo ìka bó ti ń dìde. Ó tú kókó. Ó tún un ta. Ẹ̀ẹ̀mẹfà.

"Ìgbà wo lo wọn apá ẹ̀?" Télọ̀ bi í. Ó ti gbàgbé pé òun fi aṣọ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n lórí."

"Láti ọdún méje? Èmi ò jẹ́ gé ṣòkòtò fún ẹni tí mo rí lọ́dún tó kọjá láì tún un wọ̀n o."

Má-gbọ̀n fi eyín fa okùn. Kókó ló gbájú mọ́.

Ní Sátidé, ó ti gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí aago mẹ́wàá tó lù. Ó ti to ọ̀rọ̀ jọ sí ẹnu tí òun yóò fi kí i: Alápá Gígùn, ọmọ tí í nawọ́ lókèèrè kí ara ilé tó rójú rẹ̀, òpó tí bàbá fara tì tí kò yẹ̀, o kú ewu ọ̀nà, Ẹlẹ́dàá tó mú ọ lọ ló mú ọ bọ̀. Ó ti kà á fún ara rẹ̀ níwájú dígí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti báàgì kékeré kan, tí irun funfun méjì mẹ́ta wà ní ẹ̀bá etí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sá lọ.

"O ti jẹun?" ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí, ó sì dì mọ́ ọn. Ọwọ́ òsì nìkan ló fi dì í. Má-gbọ̀n rò pé nítorí báàgì ni.

Ó jẹun. Ó ní àwọn ògiri ti kéré sí i. Ó bi í bóyá Télọ̀ ṣì ń pariwo, Télọ̀ sì fi ìdáhùn ránṣẹ́ láti ìsọ̀ tiẹ̀: "Mo ń gbọ́ ọ o!" Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí tábìlì.

"Ẹ ti gbé e sílẹ̀. Ẹ ṣé gan-an. Ọkùnrin yẹn ń bọ̀ ní aago mẹ́rin ọ̀la."

"Ọkùnrin wo?"

"Ẹni tó fẹ́ rà á."

Má-gbọ̀n gbé aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀. "O ní o fẹ́ ta á."

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní mo fẹ́ tà á."

Ta ọrun, ta ọrun. Kò sí etí tó lè fi ìyàtọ̀ sí i bí ọ̀rọ̀ náà bá ti ṣáájú ọrun. Ọ̀kan ni kéèyàn gbé ọrun kó fi ta ọfà, èkejì ni kéèyàn gbé e fún ẹlòmíràn kó gba owó. Ogún ìgbà ló gbọ́ ohùn náà, ogún ìgbà náà ló sì gbọ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Ohun tó dùn ún kì í ṣe ọrun. Ẹni tó bá ní ọrun lára ògiri ilé kan ní ìdí láti padà sí ilé náà. Bí ọrun bá lọ tán, kí ni yóò tún mú un wá?

"Ó dáa," ó wí níkẹyìn. "Tìẹ ni. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí ọrun jáde nínú ilé yìí láì jẹ́ pé wọ́n ta á wò. Bàbá ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí."

"Ẹ ta á fúnra yín."

"Ó le jù fún mi, o mọ̀. Apá tìẹ ni mo sì fi wọ̀n ọ́n. Gbà."

Ó gbà á bí ẹni gba ọmọ ọlọ́mọ. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ọfà sí i, ó mí, ó fà. Ọṣán dé ìdajì. Ìka irin gbé orí díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n jí tí kò tíì fẹ́ jí. Ọwọ́ ọ̀tún àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Má gbọ̀n," ni Má-gbọ̀n wí. Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rí ojú ọmọ náà.

Àbúrò rọra dá ọṣán padà. Ó gbé ọrun sílẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó sì di èjìká rẹ̀ mú.

"Àpótí ẹrù kan ló já lù mí. Ó ti lé lọ́dún méjì. Ó san, ṣùgbọ́n kò padà sí bó ṣe wà."

"Ọdún méjì. O ò sì sọ fún mi."

"Kí n sọ fún yín kẹ́ ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀? Ẹ ti rù tó." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè ta á mọ́. Mo sì ń rí i nínú gbogbo fọ́tò tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́, lára ògiri lẹ́yìn yín, ó ń wò mí. Ó sàn kí n tà á fún ẹni tí apá ẹ̀ dá."

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wà tí Má-gbọ̀n lè sọ, ẹ̀bẹ̀ wà níbẹ̀, ìbínú náà wà níbẹ̀. Dípò gbogbo rẹ̀, ó na ọwọ́ gba ojú fèrèsé.

"Télọ̀, jọ̀ọ́ fún mi ní tépù. Àti ṣọ́ọ̀kì tó ti fọ́."

Tépù dé, tòun ti ìbáwí: "Mo sọ fún ẹ!"

Ó ní kí àbúrò dìde, kó na apá. Apá òsì nà tán. Apá ọ̀tún kò nà tán mọ́. Ó dúró síbi tó lè dé. Má-gbọ̀n wọ̀n ọ́n bí ó ṣe wà, kò ní kó tún un nà. Lẹ́yìn èyí ló mú sípánà kékeré, ó tú nọ́ọ̀tì apá òkè ní yíyí kan, ti apá ìsàlẹ̀ ní yíyí kan, kí agbára ọrun lè rọ̀. Ó sún wílì sẹ́yìn. Nítorí pé apá ọrun ti yí ipò padà, okùn ibùsùn kò bá a mu mọ́. Ó tú kókó tó fi gbogbo ọ̀sán ta, ó sì tún òmíràn ta.

"Fà á."

Ó fà á. Kò tíì dé.

Yíyí kan sí i lókè, kan sí i nísàlẹ̀. Kókó mìíràn. Wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà kan àbúrò ní, "Ẹ ò ní sinmi?" Má-gbọ̀n sì ní, "Ṣé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni?" Ní yíyí kẹta, ọṣán wá títí dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, èjìká dúró, ìka irin sì dìde tán, ó gbé ọfà dání gbọn-in. Má-gbọ̀n fi ọwọ́ bo ẹnu. Olúwa, ó wí nínú ọkàn rẹ̀, mi ò bẹ̀ ọ́ fún èyí, torí mi ò mọ̀ pé mo nílò rẹ̀.

Ó lọ ṣọ́ọ̀kì kúnná, ó wọ́n ọn sórí ìka irin, kí ìyẹ́ ọfà lè jẹ́wọ́ bó bá fara kàn án. Àbúrò tú ọṣán sílẹ̀. Ọfà wọ inú àkísà. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, ìyẹ́ ìsàlẹ̀ ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan.

"Okùn ló gùn," àbúrò wí. "Díẹ̀ báyìí."

"Ìwọ náà ṣì rántí."

Ó fa okùn wọlé, kò ju ìbú èékánná lọ, ó ta kókó, ó wọ́n ṣọ́ọ̀kì tuntun. Ọfà kejì lọ. Ó dún nínú àpò bí ẹni fi àtẹ́lẹwọ́ lu ìrọ̀rí. Kò sí ìlà kankan lára ìyẹ́ rẹ̀. Àbúrò yí ọfà náà lójú oòrùn, ó tún un yí, ó ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀.

Má-gbọ̀n ń nu ọwọ́. Ó mọ ohun tó yẹ kí òun bi í, ó sì ń bẹ̀rù rẹ̀.

"Ọkùnrin tó fẹ́ rà á, ṣé ó ní kó rọ̀ báyìí?"

"Rárá. Ó fẹ́ ẹ líle, bí Bàbá ṣe ń lò ó."

"Ó di dandan kí n dá a padà nìyẹn. Yíyí mẹ́ta lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀. Kí n tún okùn ta." Sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé kí n dá a padà?"

Àbúrò kò wò ó. Ó ń wo òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti wọlé láti ẹ̀gbẹ́ àpò. Ẹ̀rọ ìránṣọ Télọ̀ ń sáré lódìkejì ògiri, ó dúró, ó tún sáré.

"Aago mẹ́rin ọ̀la ni mo bá a dá," ó wí. "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ di àárọ̀."

Kò ní òun kò tà á mọ́. Má-gbọ̀n sì gbọ́ pé kò wí bẹ́ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Di àárọ̀, ó wí. Ó gbà á bí ó ṣe wí i. Ó ti sípánà bọ àpò aṣọ rẹ̀.

"Fún mi ní ọfà yẹn," àbúrò wí, "kí n tún ta ọ̀kan."

"Èjìká ẹ ńkọ́?"

"Ó ń dùn mí."

Ó fún un ní ọfà.