Nọ́ńbà Tí Mo Rán Mọ́ Àyà Díẹ̀díẹ̀

Àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán: bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó mi fi dá mi dúró nìyẹn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ṣòkòtò péńpé jáde nínú yàrá, èmi ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. "Bàbá Ìbejì," ó ní, "ta lẹ ń lé? Àbí ta ló ń lé yín?" Mo ní kò sí ẹnikẹ́ni, ikùn yìí ni mo fẹ́ fà wọlé. Ó wo ikùn náà, ó wo ẹsẹ̀ tín-ín-rín méjì tó gbé e dúró, ó ní kò burú, kí n ṣáà gba ẹ̀yìnkùlé jáde kí àwọn oníbàárà mi má baà rí mi.

Télọ̀ ni mí. Ogójì ọdún ni mo ti fi jókòó ti maṣíìnì, ẹni tó bá sì jókòó fún ogójì ọdún, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún. Ẹni tó fà mí wọ eré ni ọ̀rẹ́ mi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Díẹ̀díẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi pín lẹ́tà láti ojúlé dé ojúlé kó tó fẹ̀yìn tì, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń sọ pé ajá ló kọ́ òun ní eré sísá. Ó tín-ín-rín, kì í yára, kì í sì í dúró. Tí mo bá ti ń mí gúlegúle bí ẹwìrì, á wò mí, á ní, "Díẹ̀díẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Díẹ̀díẹ̀."

Kí n má purọ́ níbí náà, a máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù á kí wa pé, "Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin bàbá." Ìrìn kẹ̀? Àwa tá a ń fi gbogbo agbára sáré. Aboyún kan tó ń lọ síbi iṣẹ́ kọjá lára wa lọ́jọ́ kan, ó sì bojú wẹ̀yìn, ó bẹ̀ wá pé ká má bínú.

Ní ọdún tó kọjá, òòyì kọ́ mi lójú ọ̀nà, mo ṣubú. Díẹ̀díẹ̀ yá bárò lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́lé, ó gbé mi sínú rẹ̀, ó tì mí délé, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ń fì níwájú. Gbogbo ẹni tó rí wa ló rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ẹnì kan ṣoṣo tó ní, ojú ọ̀nà ló ṣubú sí, kò sì dìde mọ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ó fún mi lóògùn, ó ní kí n máa rọra ṣe. Ìyàwó mi ò fẹ́ gbọ́ rọra. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ mi mú. "Mo ti sìnkú ẹni tó ṣubú lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan," ó ní. "Mi ò ní agbára ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ṣèlérí fún mi pé ẹ ò ní sáré mọ́." Mo ṣèlérí. Mo tún fi àwọn ọmọ wa méjèèjì búra, ohun tí kò tiẹ̀ bèèrè.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi pa ìlérí yẹn mọ́. Lẹ́yìn náà mo sọ fún un pé iṣẹ́ yunifọ́ọ̀mù iléèwé ti pọ̀ jù, mo ní láti máa ṣí ṣọ́ọ̀bù kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ẹ wá gbọ́ ohun tí obìnrin yìí ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jí ṣáájú mi kó lè po tíì gbígbóná sínú fúláàsì fún mi, torí ó ní ẹni tó ń tètè jí ṣiṣẹ́ ò gbọdọ̀ ṣe é ní inú òfìfo. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ò dáa. Mo máa ń dùbúlẹ̀ síbẹ̀, màá máa gbọ́ bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí ilé ìdáná nítorí irọ́ mi, màá sì dìde, màá gba fúláàsì, màá ní, "O ṣé, Ìyá Ìbejì." Ojú ò tì mí. Tàbí ó tì mí, ṣùgbọ́n kò tì mí tó ohun tí mo fi lè dúró sílé.

Èmi àti Díẹ̀díẹ̀ la jọ ń mu tíì náà lẹ́yìn eré. Ìyàwó mi a máa di ṣúgà sínú bébà lọ́tọ̀, Díẹ̀díẹ̀ kì í sì í fọwọ́ kàn án, torí àtọ̀gbẹ ń bá a fínra, abẹ́rẹ́ ló ń gún sí ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Á mu tirẹ̀ ní kíkorò, á ní, "Sọ fún ìyàwó ẹ." Èmi náà á ní, "Tó bá dọ̀la." Ọ̀la yẹn ò dé.

Ìgbà tí wọ́n wá kéde eré kìlómítà mẹ́wàá, pé gbogbo ẹni tó bá parí ẹ̀ ló máa gba mẹ́dàlì, ọkàn mi fà sí i bí ọkàn ọmọdé. Ní gbogbo ogójì ọdún tí mo fi ń ránṣọ, ẹnì kan ò fi nǹkan kan kọ́ mi lọ́rùn rí, àfi téèpù tí èmi fúnra mi gbé síbẹ̀.

Wọ́n fún wa ní nọ́ńbà, bébà líle tí èèyàn máa lẹ̀ mọ́ àyà. Ẹ̀yìn rẹ̀ lèèyàn máa kọ orúkọ sí, pẹ̀lú àìsàn tó bá ń ṣe é, àti fóònù ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ kọ àtọ̀gbẹ, ó kọ fóònù ọmọ rẹ̀ obìnrin. Èmi kọ ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì kọ fóònù ìyàwó mi, torí òun nìkan ni mo mọ̀ sórí. Mo rò ó pé wọn ò lè pè é láé.

Pínnì làwọn yòókù fi ń mú tiwọn mọ́ ẹ̀wù. Pínnì kẹ̀, lára ẹ̀wù télọ̀? Mo gé ẹ̀wù méjì láti ara aṣọ aláwọ̀ búlúù kan náà, èyí tó fẹ̀ fún mi, èyí tó há fún Díẹ̀díẹ̀, mo ní màá fi maṣíìnì rán nọ́ńbà wa mọ́ ọn ṣinṣin. Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú eré ni mo jókòó tì í. Bí mo ṣe ní kí n bẹ̀rẹ̀ ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ tí mo mọ̀ dáadáa lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan ń rìn, èkejì ń wọ́lẹ̀. Ìyàwó mi ló gbé oúnjẹ ọ̀sán wá. Mo gbá nọ́ńbà méjèèjì sábẹ́ aṣọ.

Ó jókòó, ó mú ẹ̀wù kan, ó yẹ ojú rírán rẹ̀ wò. "Ti ta ni?"

"Ti àwọn olùkọ́," ni mo wí, "fún ìdíje iléèwé."

"Ọwọ́ yín ò tíì yẹ̀ rárá." Ó rí òwú kékeré tó yọ létí ẹ̀wù náà, ó fi eyín já a. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe já gbogbo òwú tó yọ lára ẹ̀wù méjèèjì, ó ká wọn jẹ́jẹ́, ó sì dúró títí mo fi jẹun tán. Ó sì lọ. Mo fa nọ́ńbà jáde, mo rán ọ̀kan mọ́ ẹ̀wù yìí, ọ̀kan mọ́ ẹ̀wù yẹn, wéréwéré, kí n ṣáà lè kó wọn kúrò lójú. Mi ò yẹ ẹ̀yìn wọn wò.

Ibi tá a ti fẹ́ gbéra ni Díẹ̀díẹ̀ ti wo àyà ara rẹ̀. "Télọ̀, nọ́ńbà mi kọ́ nìyí. Tìẹ nìyí."

Mo wò ó. Òótọ́ ni. Mo ti rán an ní ojú wẹ́wẹ́, kò sì sí sísọ́ọ̀sì. "Ká pààrọ̀ ẹ̀wù," ó ní. Ẹ̀wù tèmi lè gba irú ẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ò lè kọjá àyà mi, ká má tíì sọ ti ikùn. "Nọ́ńbà ni nọ́ńbà," ni mo wí. "Ta ló máa bi wá?" Díẹ̀díẹ̀ mi orí, ó rẹ́rìn-ín, a gbéra.

A ṣe dáadáa títí dé kìlómítà keje. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé òógùn rẹ̀ ti pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ní, "Ṣé kò sí nǹkan?" Ó ní, "Máa lọ. Mò ń bọ̀. Díẹ̀díẹ̀." Ọkùnrin yìí ò fi mí sílẹ̀ lójú ọ̀nà rí. Òun ló ti bárò. Mo wo aago ọwọ́ mi, mo rí i pé tí n ò bá dúró, màá parí kí wákàtí kan àbọ̀ tó pé. Mo lọ.

Ọmọbìnrin kan fi mẹ́dàlì kọ́ mi lọ́rùn. Inú mi dùn, mi ò lè sọ pé kò dùn. Mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì, mo ní kí ẹnì kan ya fọ́tò mi, mo sọ ọjọ́ orí mi fún àwọn tí kò bi mí. Ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí n tó rántí láti bèèrè ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tó ń pín omi wo ẹ̀wù mi, ó ní, "Bàbá kan tó wọ irú aṣọ yín yìí ti ṣubú. Àgọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n gbé e lọ."

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, mi ò sí níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ fún mi. Díẹ̀díẹ̀ ò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé nọ́ńbà àyà rẹ̀, wọ́n ka ẹ̀yìn rẹ̀: orúkọ mi, ẹ̀jẹ̀ ríru, fóònù ìyàwó mi. Wọ́n pè é. "Màmá, bàbá ti ṣubú lójú ọ̀nà. Ẹ máa bọ̀." Ìyàwó mi ní wọ́n ṣi ẹni pè, ọkọ òun wà ní ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ọ̀sì bá ka orúkọ mi sí i létí.

Kò sí ọkọ̀. Wọ́n ti dí gbogbo ọ̀nà nítorí àwa tá à ń sáré. Kìlómítà méjì ló wà láàárín ilé wa àti àgọ́ yẹn, tó wà létí òpin eré, ọ̀nà tí wọ́n là fún eré nìkan ló sì gbà lọ tààrà. Ìyàwó mi bọ́ sójú ọ̀nà náà, sálúbàtà tirẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan, tèmi lẹ́sẹ̀ kejì, ó ń sáré pẹ̀lú orúnkún yẹn. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rò pé òun ló kẹ́yìn nínú àwọn olùdíje. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. "Màmá, ẹ ṣe gírí, ó ti kù díẹ̀." Ẹnì kan na omi sí i. Bó ṣe dé òpin, ọmọbìnrin yẹn fi mẹ́dàlì kọ́ òun náà lọ́rùn.

Ó wọ inú àgọ́ láti wo òkú mi. Díẹ̀díẹ̀ ló bá lórí ibùsùn, wọ́n ń fún nǹkan mọ́ ọn lápá, wọ́n ń wá ẹ̀jẹ̀ ríru. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, wọn ò mọ èyí tí inú ń run. Ìyàwó mi ní, "Ọkọ mi kọ́ nìyí. Àtọ̀gbẹ ló ń ṣe eléyìí, ó ń gún abẹ́rẹ́. Ẹ fún un ní ṣúgà." Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé tí kò bá tètè dé, ẹ̀pa ò ní bóró mọ́.

Ìgbà tí Díẹ̀díẹ̀ la ojú ni mo wọlé, pẹ̀lú ẹ̀rín tó kù lẹ́nu àti mẹ́dàlì lọ́rùn. Ìyàwó mi yíjú padà. Ó wò mí láti orí dé bàtà. Kò pariwo, kò sunkún.

"Ẹ kú eré, Bàbá Ìbejì," ó ní.



Ara Díẹ̀díẹ̀ ti yá. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣúgà tí òun sá fún láti ọdún mẹ́wàá, ìyàwó mi ló wá ní kí wọ́n fi bọ́ òun níwájú èrò. Ó ti dárí jì mí, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ò tíì kí mi títí di òní, mi ò sì lè bá a wí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó mi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, orúnkún rẹ̀ wú. Mo wà nílẹ̀, mò ń fi omi gbígbóná jó o. Mẹ́dàlì yẹn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò dà bíi pé ó tiẹ̀ mọ̀. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, jọ̀ọ́, bọ́ nǹkan ọrùn ẹ yìí."

Ó wolẹ̀, ó mú un lọ́wọ́. "Ẹ̀rín ni ọmọ tó fi kọ́ mi lọ́rùn ń rín," ó ní. "Mo rò pé ẹ ti kú. Mo rò pé nǹkan tí wọ́n ń fún opó nìyẹn. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Èmi ni mo sunkún. Òun ò dá mi lẹ́kun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ tó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí ilé ìdáná. Mo sáré dìde láti dá a dúró, ṣùgbọ́n fúláàsì ti wà lórí tábìlì, ṣúgà wà nínú bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ibo lẹ̀ ń lọ?" ó bi mí.

"Ṣọ́ọ̀bù," ni mo wí. Ṣọ́ọ̀bù ni mò ń lọ lóòótọ́.

Ó ní ó dáa. Ó na fúláàsì sí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú orúnkún yẹn láti wo irú bàtà tí mo wọ̀.