Ọmọ Àpòmù Tó Fẹ́ Wá Fọ́nnu

Ojú wọn di mẹ́rin láàárín èrò. Àwọn arúgbó kún inú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń yẹ ẹnu àgbàlagbà wò lọ́fẹ̀ẹ́ ní Àpòmù fọ́fọ́, ọ̀pá ń gbá ọ̀pá, Ikhlas sì na ọrùn, ó ń wá ẹni tó máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Àfi bí ọmọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù funfun ṣe gbójú sókè kúrò nínú ẹnu bàbá kan tó ń yẹ̀ wò. Ó rẹ́rìn-ín. Ikhlas gbàgbé ohun tó gbé e wá láti Ìkirè.

"Arúgbó wo lẹ mú wá, arábìnrin?"

"Mi ò mú ẹnì kankan wá. Ìyá àgbà mi ni ò gbà láti wá."

Ló bá rojọ́. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún Ìyá Sàlámọ̀tù ni wọn ò ti lè di orín mú mọ́, wọn ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bá wọn fọ ẹnu. Ó ti pé oṣù kan tí wọn ò yọ eyín àtọwọ́dá wọn, wọ́n tún ń fi í sẹ́nu sùn. Ẹran ìdí eyín wú, ẹnu ń rùn, ìtìjú sì mú wọn pa ẹnu dé pátápátá. Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣíbí ẹ̀kọ mẹ́ta ni oúnjẹ òòjọ́ wọn.

"Wọ́n ti gbẹ," ni Ikhlas wí, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Àwọn nìkan ni mo ní."

Khalilullah, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ọmọkùnrin náà, béèrè nọ́ńbà. Fóònù Ikhlas ti bàjẹ́, ó fún un ní ti Fàtíà, aládùúgbò wọn tó ń din dòdò tà.

Lọ́jọ́ kejì, Ikhlas ń tọjà bọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọ̀ọ̀dẹ̀ ni, nígbà tó gbọ́ Fàtíà tó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ fún Ìyá. Wọn ò fi àmì ohùn kankan sí i: "Emi ni Khalilullah lati Apomu. E so fun Mama pe mo n bo wa fonu fun won lola." Fàtíà kà á bó ṣe yé e: "Ìyá, ọmọ Àpòmù kan ní òun ń bọ̀ wá fọ́nnu fún yín lọ́la!"

"Fún ta ni?"

Apẹ̀rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí Ikhlas. Ohùn Ìyá rèé!

"Ọmọ Àpòmù? Kó wá fọ́nnu fún èmi Sàlámọ̀tù? Kó máa bọ̀!"

Ó yẹ kí Ikhlas tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Kò tún un ṣe. Ohùn tó ti sọnù fún oṣù kan, ta ló máa dá a dúró?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá wọ léèsì, wọ́n jókòó gbọnrangandan, ọwọ́ òsì bo ẹnu. Khalilullah dọ̀bálẹ̀.

"Ìwọ lo ní o fẹ́ fọ́nnu?"

Ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ náà, ohun tí Khalilullah ń retí ló gbọ́. "Èmi ni, Mà. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?"

"Àgbà ló ń ṣíwájú!" Ìyá gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu. "Èmi Sàlámọ̀tù eléèjí! Èmi tí ọkọ mi rí ẹ̀rín mi tó gbàgbé kẹ̀kẹ́ ẹ̀ sọ́jà! Ọkùnrin Àpòmù mẹ́ta ló wá tọrọ mi, mo ní kí wọ́n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn! Ó yá, ìwọ náà fọ́nnu tìẹ!"

Khalilullah tẹjú mọ́ inú ẹnu wọn, ó yọ búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kan. "Ẹ ṣeun, Mà. Ẹnu yẹn gan-an ni mo fẹ́ rí."

Ìyá wo búrọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wo Fàtíà tó yọjú lójú fèrèsé.

"Fàtíà! Fọ ẹnu ló kọ! Ta ló kọ́ ẹ níwèé?"

Ẹ̀rín pa Ìyá. Wọ́n rín in títí eyín àtọwọ́dá fi yọ bọ́ sórí itan wọn. Khalilullah fi ọwọ́ méjèèjì gbé eyín náà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká wẹ̀ ẹ́ fún wọn."

Kò ki búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ wọ́n lẹ́nu. Ó fi àkísà wé ìdí rẹ̀ kó lè kún ọwọ́, ó fi lé Ìyá lọ́wọ́ òsì, Ikhlas sì fọwọ́ ti ìgúnpá wọn. Ó kọ́ Ikhlas bí wọ́n ṣe ń fọ ahọ́n jẹ́jẹ́, àti pé inú ife omi ni eyín àtọwọ́dá ń sùn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi gun ọ̀kadà wá láti Àpòmù. Láti ọjọ́ kẹta ni lẹ́tà kan ti ń yọjú nínú àpò àyà rẹ̀, Ikhlas sì rí orúkọ ara rẹ̀ lára àpòòwé náà.

"Dókítà, ṣé ẹnu Ìyá lẹ ń wò ni, àbí ojú ọmọ-ọmọ wọn?" Fàtíà ló fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Iṣẹ́ ló gbé mi wá," ni Khalilullah fèsì, etí rẹ̀ pọ́n. "Ẹnu Ìyá ò tíì jinná. N ò lè da ọ̀rọ̀ míì pọ̀ mọ́ ọn."

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Ìyá jẹ iyán tán, wọ́n ní ẹran kéré. Khalilullah tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lẹ́nu.

"Ó ti jinná, Mà. Iṣẹ́ mi parí." Ó palẹ̀ mọ́, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ pa àpò àyà rẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ.

"Ọmọ Àpòmù!" Ìyá ké sí i. "Tèmi ti jinná. Tìẹ ńkọ́, àbí ẹnu tìẹ náà ti wú?"

Ó yíjú padà. Lẹ́tà náà ti ká létí, ó ń ta sánsán ọṣẹ ìfọyín. Ikhlas yára nu ọwọ́ rẹ̀ tó tutù sára ìró, Khalilullah sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.