Mọ́tò Yìí Kò Tíì Dán

…kò lọ. Kùrukùru yìí kò lọ. Mo fi ìpara mọ́tò ra á, mo nù ún, ó dán díẹ̀, mo ṣẹ́jú báyìí — ó tún ti funfun. Ọ̀la ni Sátidé. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá mú un, orí rẹ̀ sì rí bí àwo tí wọn ò ṣan ọṣẹ kúrò lára rẹ̀.

Apá ń ro mí. Iṣẹ́ òru ni mo ti dé láàárọ̀, àwọn aboyún ò jẹ́ kí n fìdí kan ìjókòó. Mo bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì, mo mú àkísà. Ta ló rán mi? Ìyá ọkọ mi ló rán mi. "Ìyàwó mi, mọ́tò ọmọ mi ò gbọdọ̀ jáde nílé yìí báyìí. Aráyé á ní a ò ka òkú wa sí." Hẹn. Ó dùn ún gbọ́. Ta ló wá sá ẹ̀gẹ́ sórí rẹ̀? Ìyá kan náà ni! Ẹ̀gẹ́ tútù tí wọ́n gbé wá láti Kpankou, tí omi kíkan ṣì ń kán lára rẹ̀, ó gé e, ó tò ó sórí mọ́tò olóògbé ọkọ mi bí ẹni pé orí àpáta ni. "Irin a máa gbóná, á tètè gbẹ." Ó gbẹ lóòótọ́. Omi rẹ̀ sì jẹ ọ̀dà. Ojú ibi tí ègé kọ̀ọ̀kan sùn sí ṣì hàn.

Ta ní í bá ìyá ọkọ rẹ̀ wí? Àti pé… mo jẹ nínú láfún náà. Ó dùn.

Ọkọ mi kékeré náà ò ṣẹ̀ mí. Gildas, àbúrò Bàbá Prudence — inú ọkàn mi nìkan ni mo ti lè pe orúkọ yẹn, ìyàwó kì í pè é jáde. Ẹbí jókòó, wọ́n ní kó máa lò ó ní Pobè, níbi tó ti ń kọ́ni. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló bá mi sọ ọ́. "Ìyàwó wa, ní sámúdì, tó bá rọ̀ yín lọ́rùn." Mo ní Sátidé kò burú. Mo tún rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ọkọ̀ wà, kí ni mo fẹ́ fi í ṣe?

Oòrùn yìí mú jù. Ìpara ń gbẹ kí n tó nù ún. Bóyá ayédèrú ni. Bóyá àkísà yìí… Ṣùgbọ́n irú agolo yìí náà ni Bàbá Prudence ń lò. Ó ń dán nígbà tirẹ̀! Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń wo eyín wọn nínú rẹ̀. Kí ló ń ṣe tí èmi ò ṣe? Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí a tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń… "Sandrine, wá bá mi tì í sábẹ́ máńgòrò. A kì í fi ìpara kan irin gbígbóná, kùrukùru ló máa ń fi sílẹ̀." Gbogbo ìgbà ló ń sọ ọ́. Ó ń sọ ọ́ títí ó fi ń sú mi.

Máńgòrò nìyẹn. Kò jìnnà. Ilẹ̀ tẹ́jú. Gwladys ará ilé kejì kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ṣé kí n bá ẹ tì í sí ibòòji?" Mo ní rárá, mo ti fẹ́ẹ̀ parí. Irọ́ gbuu.

Kí ló dé tí mo fi ní rárá?

Ẹ̀gẹ́ jẹ ọ̀dà, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ìpara kan irin gbígbóná láti àárọ̀? Èmi ni. Èmi tí mo mọ̀. Mo mọ̀ pé kò ní dán, mo sì ń ra á, mo ń nù ún, mo ń bú oòrùn… Tó bá dán, iṣẹ́ parí. Tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á wà á lọ. Màá wá máa jí láàárọ̀, màá ṣí ilẹ̀kùn, ilẹ̀ pupa lásán ni ojú mi á máa bá níbí.

Mo ti ìka bọ agolo. Irin ṣì gbóná. Mi ò fẹ́ kó dán. Olúwa, mi ò tíì fẹ́ kí ó lọ.