Ẹ́ńjìnnì Tó Gan Lójú Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́

Rodiat tún yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ náà dún “kọ́!”, ó sì dákẹ́. Òórùn rọ́bà tó jóná ń rú jáde níwájú. Wọn ò tíì jìnnà sí Ìmọ̀tà, Ẹ̀pẹ́ ṣì kù.

“Ẹ́ńjìnnì ti gan,” ló wí.

Ìyá rẹ̀, Mùsílímátù, jókòó tì í, ó wọ awò dúdú. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú rẹ̀ ní Ìkòròdú. Àárọ̀ yìí ni dókítà ní kó máa lọ sílé ní Ẹ̀pẹ́. Nítorí ìrìn àjò yìí ni Rodiat ṣe gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Yísà mẹkáníìkì ní Ìgbògbò, kó tún éésì ọkọ̀ náà ṣe, kí atẹ́gùn tútù lè fẹ́ sí màmá. Lánàá ló gbà á padà.

Ó pe Yísà. “Bọ̀ọ̀dá Yísà, ẹ ti pa ẹ́ńjìnnì mi!”

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sítáàtì rẹ̀ mọ́. Mò ń bọ̀.”

Wọ́n bọ́ sábẹ́ igi. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Rodiat mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí i kó ta táyà nípàá ló ń ṣe é. Ọkọ̀ yìí ló ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó lójoojúmọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ọdún wo ni yóò tún rí òmíràn rà?

Màmá bọ́ awò rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn.

“Rodiat, o ti hu ewú.”

“Ẹ̀n?”

“Níbí.” Ó fọwọ́ kàn án lẹ́bàá etí.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Rodiat láìròtẹ́lẹ̀. “Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀, Màmá.”

“Ó ti pẹ́ tí mi ò ti rí ọ.”

Nígbà tí Yísà sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú àpò sípánà rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ kí màmá, kò sì wí àwíjàre kankan. Ó fi sípánà há nọ́ọ̀tì iwájú ẹ́ńjìnnì, ó fà á títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Kò mì. Yísà wo bẹ́líìtì éésì tó ti jó dúdú, ó tú u kúrò, ó tún fa sípánà. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ́ńjìnnì yí wẹ́rẹ́.

“Ẹ́ńjìnnì yín ò ṣe nǹkan kan. Kọ́ńpúrẹ́sọ̀ éésì tí mo fi síbẹ̀, tí bẹ́líìtì yìí so mọ́ ẹ́ńjìnnì, ló gan, òun ló dì í mú. Ọwọ́ mi ni, Àǹtí, ẹ má bínú. Màá pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ lè wà á lọ láìsí éésì. Ẹ sítáàtì rẹ̀.”

Ó jí.

“Alihamudulilahi!” Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Rodiat ti tò sílẹ̀ de Yísà fò lọ. “Ẹ ṣeun tí ẹ wá, Bọ̀ọ̀dá Yísà. Ẹ ṣeun gan-an ni.”

Wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀, wọ́n ń lọ. Màmá, tó ti ta ẹja lébùúté Ẹ̀pẹ́ kí ojú tó dùn ún, ò sinmi ọ̀rọ̀: “Ta ló kọ́lé síbẹ̀ yẹn? Igi ibí yìí dà?” Lórí afárá Ìtòìkín, ó ní kí Rodiat rọra.

“Apẹja nìyẹn, àbí?”

“Òun ni, Màmá.”

“Mo rí àwọ̀n rẹ̀.”

Ọkọ̀ kan fọn fèrè lẹ́yìn wọn. Rodiat na ọwọ́ síta pé kó máa kọjá. Látàárọ̀ ni òun náà ti ń kánjú. Kò mọ ìgbà tí ìkánjú náà kúrò lára rẹ̀.