Àgò Lábẹ́ Máńgòrò

“Ìyá, ẹ gbé àga méjèèjì yìí kúrò. Igi wọ̀nyí la fẹ́ gé.”

Comfort kò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Igi máńgòrò tò lọ́tùn-ún lósì láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì títí dé ọ̀nà odò, ẹ̀ka wọn sì ti pàdé lókè bí àjà ilé. Oyèwọlé ọkọ rẹ̀, tíṣà Ẹdẹ, ló kó àwọn ọmọ ilé-ìwé jọ tí wọ́n gbìn wọ́n. Láti ìgbà tí ó ti kú, ilé dákẹ́ jù fún Comfort. Abẹ́ wọn ló ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́. Àga kejì ni ti Oyèwọlé. Kò sí ẹni tó tún jókòó lé e.

“Ta ló rán ọ?”

“Ìjọba ni. Wọ́n fẹ́ kí títì yìí fẹ̀ sí i,” ni Ràṣídì, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ títì, dáhùn. “Títì ni, ìyá. Kì í ṣe pálọ̀.”

Àpèkẹ́, tó ń dirun fún ọmọ rẹ̀ lórí ẹní, pòṣé. “Ilẹ̀ tí a gbá láàárọ̀ bí ilé ńkọ́? Wá ewé kan nílẹ̀ kí n rí i.”

Ràṣídì wolẹ̀. Kò rí ewé.

“Nígbà tí o dé,” ni Comfort béèrè, “kí lo kọ́kọ́ ṣe?”

“Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́.”

“Kí lo wá sọ?”

Àpèkẹ́ ló gbà á lẹ́nu Ràṣídì: “Ó ní, ‘Àgò onílé o!’ Èmi ni mo sì dá a lóhùn pé àgò yà. Bàtà ló kù tí kò bọ́!”

Àwọn tó gbé àáké lẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

“Ṣé o kágò lójú títì Ṣẹkọ́nà tí o gbà wá?” ni Comfort tún béèrè.

Ràṣídì fẹ́ bínú, ẹ̀rín borí rẹ̀. Ó wo àjà ewé lókè, ó wo pápá ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn igi.

“Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì á yọ̀ǹda pápá yẹn?”

“Èmi fúnra mi ni mo máa bá wọn sọ ọ́. Wọ́n á gbà,” ni Comfort dáhùn.

“Ó dáa. Màá sọ fún ẹńjiníà pé ilé wà lọ́nà, kí títì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. A kì í gbé àáké wọ ilé onílé.”

Ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí ó fi kọjá igi tó kẹ́yìn, kó tó gùn ún.

“Ràṣídì!” Comfort ti dìde. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu eruku orí àga kejì, ó sì fà á síwájú. “Tí o bá mú èsì bọ̀, àga rẹ rèé.”